Control panel tó ṣeé pààrọ̀: báwo la ṣe ń so wáyà ẹ̀?

Látìgbà tí mo ti gbé àpótí gémù tí mo fọwọ́ ara mi kàn síta l'Ádó níbí, ìbéèrè kan náà làwọn èèyàn ń bi mí, pé báwo ni wọ́n ṣe ń gbá Pac-Man lórí ẹ̀ láàárọ̀, tó bá dìrọ̀lẹ́ wọ́n á tún máa fi ja Street Fighter, tí ibi tí wọ́n ń tẹ̀ níwájú ẹ̀ á sì ti yàtọ̀ pátápátá. Ẹ jẹ́ n là á yé yín, torí ó wù mí gan-an kí ẹlòmíì náà kan tiẹ̀.

Pákó tí joystick (ọ̀pá tẹ́ ẹ máa ń tì síbi tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ) àti bọ́tìnnì wà lórí ẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ control panel. À ń pààrọ̀ ẹ̀ torí pé gémù ò jọra. Pac-Man tó jáde ní 1980, joystick nìkan ló fẹ́, ó sì fẹ́ èyí tó ń lọ apá mẹ́rin péré, torí tó bá ti ń yà sí kọ̀rọ̀, á máa ṣìnà mọ́ yín lọ́wọ́. Street Fighter II ti 1991 ní tiẹ̀, bọ́tìnnì mẹ́fà mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, joystick ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ lọ apá mẹ́jọ. Tẹ́ ẹ bá kó gbogbo ẹ̀ jọ sórí pákó kan, wúruwùru lásán ni.

Ẹ yí bọ́tìnnì kan dojú dé, ẹ máa rí swíìṣì kékeré nídìí ẹ̀ tó ní irin pẹlẹbẹ mẹ́ta, wọ́n kọ COM, NO àti NC sí i lára. COM àti NO la máa ń lò. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á dún "tá", irin méjèèjì ti fara kanra nìyẹn. Joystick náà ò ju swíìṣì mẹ́rin bẹ́ẹ̀ lọ, òkè, ìsàlẹ̀, òsì, ọ̀tún. COM gbogbo wọn la máa fi wáyà kan sín pọ̀ bí ẹní sín ìlẹ̀kẹ̀, òun ni ground, àmọ́ NO kọ̀ọ̀kan ní wáyà tiẹ̀ tó ń lọ sára bọ́ọ̀dù kékeré kan tó ń jẹ́ encoder. Encoder yìí fi iná 5 volt tí ò lágbára sí wáyà kọ̀ọ̀kan, tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, iná yẹn á já wálẹ̀ sí ground, encoder á sì gba ọ̀nà USB sọ fún kọ̀ǹpútà inú àpótí pé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́.

Ibi tá a máa gé wáyà yẹn sí méjì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Encoder á dúró sínú àpótí, pákó ló máa ń lọ tó ń bọ̀. Ṣẹ́ ẹ mọ extension? Tẹ́ ẹ bá yọ fáànù tẹ́ ẹ ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́, extension ò mọ̀ pé nǹkan kan yí padà. Púlọ́ọ̀gì tí mo lò ni DB25, irú èyí tí wọ́n fi ń so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà àtijọ́, ó ní pín (irin tín-ín-rín) 25, ẹ wá wò ó bó ṣe bá a mu: swíìṣì mẹ́rin ti joystick pẹ̀lú bọ́tìnnì mẹ́fà jẹ́ mẹ́wàá, èèyàn méjì jẹ́ 20, bọ́tìnnì start méjì, ti owó méjì, ó di 24, ground gba ìkarùndínlọ́gbọ̀n. Kò ṣẹ́ kù, kò dín. Inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo ṣe ìṣirò yẹn! Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà kankan, pé pín 1 ni òkè, pín 2 ni ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí. Pákó tẹ́ ẹ bá ṣe lọ́dún tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìwé yẹn, bọ́tìnnì ì báà jẹ́ ẹyọ kan lórí ẹ̀, pín tí ò bá lò, kó fi sílẹ̀ lófìfo.

Ẹ ṣọ́ akọ àti abo púlọ́ọ̀gì yẹn o, èyí tí irin ẹ̀ yọrí àti èyí tó ní ihò. Wọ́n ń dojú kọra ni, torí náà tẹ́ ẹ bá ń wo ẹ̀yìn wọn níbi tẹ́ ẹ ti ń jó o, nọ́mbà wọn yí padà bí ìgbà tẹ́ ẹ ń wo dígí. Mo ka méjèèjì láti ọwọ́ òsì nígbà àkọ́kọ́, ground tó yẹ kó wà ní 25 bọ́ sí 14, ọmọ àdúgbò tó wá dán an wò kàn ń wojú mi, "Bọ̀dá, kò gbọ́ o," kò sí bọ́tìnnì kan tó dáhùn. Ọjọ́ méjì ni mo fi tú u. Nọ́mbà wà lára ike ẹ̀, ó kéré gan-an, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i.

Àwọn ará Japan ti ṣe irú àdéhùn nọ́mbà pín yìí ní 1985, JAMMA lorúkọ ẹ̀, pín 56, tiwọn ni pé kí wọ́n lè pààrọ̀ bọ́ọ̀dù gémù láìtú àpótí.

Ẹlòmíì máa ń gbé encoder tiẹ̀ sórí pákó kọ̀ọ̀kan, USB nìkan lá máa yọ lá máa ki. Ó yá, àmọ́ owó ẹ̀ pọ̀, tí encoder méjì bá sì jọra, kọ̀ǹpútà lè fi ẹni kìíní ṣe ẹni kejì. Mi ò lò ó àfi fún trackball, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ yí, torí ìyẹn kì í ṣe swíìṣì lásán, ó fẹ́ iná 5 volt tiẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó ki pákó tuntun bọ̀ ọ́, ẹ gbé mítà tí wọ́n fi ń dán wáyà wò síbi tó ti ń ké, ẹ fi ẹnu ẹ̀ kan sí pín 25, èkejì sí pín 1, kẹ́ ẹ ti joystick sókè. Tó bá ti ké, ẹ bọ́ sí pín 2.