Bí A Ṣe Ń Jọ̀ GitHub Kí Ọwọ́ Tó Ba Iṣẹ́ Tó Ṣe É Fi Kọ́ṣẹ́

Àwọn tó ń kọ́ kóòdù máa ń bi mí ní ìbéèrè kan léraléra: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti parí kọ́ọ̀sì Python, kí ló kàn?" Èsì mi kì í yí padà. Ẹ lọ bá wọn dá sí iṣẹ́ open source, ìyẹn iṣẹ́ tí wọ́n ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè kà á, kó lò ó, kó sì tún un ṣe. GitHub, ìkànnì ayélujára tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, ni ọjà ńlá wọn. Ọjà náà kàn fẹ̀ jù ni. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ láìmọ ìsọ̀ tó ń wá, ẹsẹ̀ ni yóò máa dùn ún.

Ìràwọ̀ ló kọ́kọ́ tan èmi. Àmì tí àwọn èèyàn fi ń sọ pé iṣẹ́ kan wù wọ́n ni. Mo mú iṣẹ́ tí ìràwọ̀ rẹ̀ pọ̀ bí eṣú, mo yan issue kan níbẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tó bàjẹ́ tàbí tó kù láti ṣe, mo sì fi odindi ọjọ́ méjì tún un ṣe. Ìgbà tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ ni mo rí i pé ẹnìkan ti fi tiẹ̀ ránṣẹ́ tipẹ́. Ohun tí mo ń tẹ̀ sínú àpótí ìwádìí láti ìgbà náà rèé:

is:issue is:open label:"good first issue" language:python no:assignee -linked:pr archived:false

"Good first issue" ni àlẹ̀mọ́ tí àwọn onílé, ìyẹn àwọn tó ni iṣẹ́ náà, fi ń dá iṣẹ́ tó rọrùn fún àlejò mọ̀. No:assignee ń sọ pé wọn ò tíì yàn án fún ẹnikẹ́ni. Archived:false ń yọ iṣẹ́ tí wọ́n ti pa tì kúrò. -linked:pr ló ṣe pàtàkì lójú tèmi (pr ni pull request, ìyẹn àtúnṣe tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ sí onílé): gbogbo issue tí ẹnìkan ti so àtúnṣe mọ́ ni yóò jọ̀ dànù. Ká ní mo mọ̀ ọ́n nígbà yẹn, ọjọ́ méjì mi ò bá má ṣòfò.

Bó bá jẹ́ odindi iṣẹ́ lẹ ń wá, kì í ṣe issue kan ṣoṣo, ẹ tẹ èyí:

language:python stars:50..1000 good-first-issues:>3 pushed:>2025-09-01

Ẹ yí déètì yẹn sí nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn. Ọdún ló máa ń ṣáájú. Ibi tí kò ti sí ẹni tó fọwọ́ kan kóòdù láti ọdún tó kọjá, ta ni yóò dá yín lóhùn? Mo fi ìràwọ̀ sí àárín 50 sí 1000 nítorí pé èrò kì í pọ̀ jù níbẹ̀, onílé sì sábà máa ń ráyè fún àlejò.

Àmọ́ ajọ̀ kì í mọ ìwà èèyàn. Ẹ wọ inú iṣẹ́ náà, ẹ tẹ is:pr is:merged, kí ẹ ka bíi márùn-ún nínú àtúnṣe tí wọ́n ti gbà wọlé. Ẹ wo bí onílé ṣe ń bá àwọn ẹni tuntun sọ̀rọ̀. Tó bá ń jágbe mọ́ wọn, ẹ wá ibòmíràn. Ẹ ka CONTRIBUTING.md wọn pẹ̀lú, ìyẹn fáìlì tí wọ́n fi ń ṣàlàyé bí àlejò ṣe lè dá sí iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ tí kò bá sì ní ìwé àṣẹ, ìyẹn LICENSE, ẹ fi í sílẹ̀. Gbogbo ẹ̀tọ́ ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́, bó tilẹ̀ wà ní gbangba.

Ẹ ṣọ́ra ní oṣù October. Hacktoberfest, ètò ọdọọdún tó ń rọ àwọn èèyàn láti fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí iṣẹ́ open source, tí ilé iṣẹ́ DigitalOcean dá sílẹ̀ ní 2014, máa ń kó èrò wọlé. Ní 2020, àtúnṣe yẹpẹrẹ pọ̀ débi pé wọ́n ní iṣẹ́ tó bá fúnra rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ nìkan ni wọn yóò máa kà.

Ọ̀rọ̀ dátà ńkọ́? Kóòdù tó ti pẹ́ máa ń ní ìtàn gígùn lẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ ni git clone, àṣẹ tí a fi ń gbé kóòdù wá sórí kọ̀ǹpútà wa, sì máa ń kó wálé. Ẹ fi --depth 1 kún un, ẹ̀dà tó dé kẹ́yìn nìkan ni yóò gbé wá. Lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò ìyókù, git fetch --unshallow á lọ kó o wá.