“Ó wà!” kì í ṣe bíréèkì: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí browser bá háńgì tí kò fẹ́ pa dé

Tí browser, ìyẹn ètò bíi Chrome tàbí Firefox tí a fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, bá háńgì, X tó wà lókè lápá ọ̀tún ni ọwọ́ gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń lọ. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́, kò ní dáhùn. Wọ́n á tún un tẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ojú ẹ̀ á fi funfun báláú, tí “Not Responding” á hàn lórí ẹ̀, ẹni tó dúró nítòsí á sì ní kí wọ́n di bọ́tìnì páwà mú títí kọ̀ǹpútà á fi kú. Ó wọ́pọ̀ ní àwọn business centre Akọkà àti Yábàá, pàápàá lásìkò tí àwọn ọmọ ń forúkọ sílẹ̀ fún JAMB. Èrò kan ṣoṣo ló wà nídìí gbogbo ẹ̀: pé X ló ń pa browser. X ò pa nǹkan kan rí.

Iṣẹ́ tí X ń ṣe ò ju “ó wà!” tí èrò ń ké nínú danfo lọ. Ẹni tó wọkọ̀ Òjọ́tá ní Yábàá, tó fẹ́ bọ́ sílẹ̀ ní Fádèyí, kò ní bíréèkì lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Ẹnu ló ní. Á ké pé “Fádèyí, ó wà o!”, kọ́ńdọ́ á gbá ara ọkọ̀, dírẹ́bà á wo mírọ̀, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á tẹ bíréèkì. Dírẹ́bà nìkan ló lè dá ọkọ̀ dúró. Tó bá wá jẹ́ pé dírẹ́bà ọ̀hún ti yọ orí síta, tí òun àti ẹnì kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ha á lára ń bú ara wọn, èrò lè ké “ó wà” títí ọkọ̀ á fi kọjá Onípánù. Ohùn ẹ̀ ò kéré. Etí tó yẹ kó gbọ́ ni ò sí nílé.

Bó ṣe rí nínú Windows, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, nìyẹn. Gbogbo ohun tí a bá fi mouse tàbí kíbọ́ọ̀dù ṣe, Windows á tò ó sórí ìlà fún browser, bí iṣẹ́ tí wọ́n rán sí i. Nínú browser, ẹnì kan ṣoṣo, ìyẹn dírẹ́bà, ló ń mú àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń ṣe èyí tán kó tó mú òmíràn. WM_CLOSE ni orúkọ iṣẹ́ tí X ń rán, ẹ̀bẹ̀ sì ni, kì í ṣe àṣẹ. Kódà nígbà tí ara browser bá dá ṣáṣá, ó lè kọ̀. Fọ́ọ̀mù tí a ti kọ nǹkan sí tí a kò tíì fi ránṣẹ́ lè gbé ìbéèrè jáde pé ṣé lóòótọ́ la fẹ́ kúrò níbẹ̀, ìbéèrè yẹn sì lè wà nínú fèrèsé míì tí a ti gbé wálẹ̀, kí gbogbo ilé máa rò pé browser ti kú, nígbà tó jẹ́ pé ìdáhùn ló ń dúró dè. Ẹni tó bá tẹ X lẹ́ẹ̀mẹwàá nígbà tí dírẹ́bà ò ráyè, ẹ̀bẹ̀ mẹ́wàá ló tò sórí ìlà. Kò yára ju ẹ̀bẹ̀ kan lọ.

Èyí tó dùn jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni fèrèsé funfun yẹn. Kì í ṣe ti browser mọ́. Windows máa ń ṣọ́ ìlà yìí. Tí ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún bá kọjá tí browser ò wá wo ohun tí wọ́n tò dè é, Windows á gbé ojúlówó fèrèsé pamọ́, á fi iwin ẹ̀ rọ́pò: ó tó o ga, ó tó o fẹ̀, ojú kan náà ló wà, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀. Iwin yìí ni a lè fà sápá kan, tí a lè gbé wálẹ̀, nígbà tí ojúlówó ò lè mira. Tí a bá tẹ X orí iwin, Windows fúnra ẹ̀ ló gbọ́, kì í ṣe browser, òun náà ló sì máa bi wá bóyá ká dúró tàbí kó fipá pa á. Ọgbọ́n gidi ló wà nínú ètò yìí. Ká ní kò sí i ni, fèrèsé tó dì ì bá jókòó gbagidi lórí gbogbo ohun tó kù, ọwọ́ ò ní ká a.

Àbùkù ẹ̀ ni pé ahun ni nínú ọ̀rọ̀ sísọ. “Not Responding” ni wọ́n ń kọ fún browser tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn, òun náà ni wọ́n ń kọ fún èyí tó ti kú tán. Láàptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí RAM ẹ̀, ìyẹn ààyè tó fi ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ dání, jẹ́ 4GB, tí wọ́n ṣí táàbù ogún lé lórí, kì í sábà kú. RAM ẹ̀ ló kún, tí Windows ń kó ohun tí kò gbà síbẹ̀ lọ sórí háàdì dísìkì, tó tún ń kó o padà, háàdì dísìkì àtijọ́ sì ń fi ìrìn jẹ́jẹ́ ṣe é. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó pa ohunkóhun, kó tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, kó wo Task Manager, ibi tí Windows ti ń fi gbogbo ohun tó ń ṣiṣẹ́ hàn. Tí Disk bá ń lu ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, kó lọ mu omi, kó padà wá. Ó ṣeé ṣe kó ti dìde fúnra ẹ̀. Tó bá jẹ́ CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ni browser ń jẹ láìdúró, ó ṣeé ṣe kí kóòdù ojú ìwé kan máa yí po sójú kan náà. Tí gbogbo ẹ̀ bá wà ní òdo, tí browser ò sì gbọ́ràn, nǹkan kan ló ń dúró dè tó lè má dé láéláé. Àwọn ipò mẹ́ta tó yàtọ̀ síra nìyẹn, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n kọ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ṣàṣà ni ìgbà tí gbogbo browser ń dì pọ̀ lóde òní. Láti ìgbà tí Chrome ti jáde ní 2008 ni wọ́n ti ń pín iṣẹ́ browser sí ọ̀pọ̀ process, ìyẹn ètò kéékèèké tó ń ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí táàbù kan má baà kú kó kó àwọn tó kù lọ. Firefox náà ti wà lójú ọ̀nà yẹn tán nígbà tí ẹ̀dà 57 jáde ní 2017. Ìyẹn ló fà á tí a fi ń rí chrome.exe rẹpẹtẹ nínú Task Manager, tí àwọn kan sì ń rò pé kòkòrò ti wọ kọ̀ǹpútà. Kòkòrò kọ́. Chrome tún ní Task Manager tiẹ̀: Shift àti Esc ló ń ṣí i lórí Windows. Níbẹ̀ la ti máa rí orúkọ táàbù tó ń yọni lẹ́nu gan-an, a ó pa òun nìkan, fọ́ọ̀mù tó wà ní táàbù kejì ò sì ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Lórí Firefox, about:processes la ó kọ síbi àdírẹ́sì. Ó yà mí lẹ́nu bí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kéré tó.

Ṣùgbọ́n ká ní dírẹ́bà gbọ́ “ó wà”, ó tẹ bíréèkì. Iṣẹ́ ò tíì parí, ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Kí browser tó pa dé, ó ní láti kọ ìtàn ibi tí a ti lọ sílẹ̀, kó tọ́jú cookies (àmì kéékèèké tí àwọn ojú ìwé fi ń dá wa mọ̀), kó kọ àwọn táàbù tó wà ní ṣíṣí sílẹ̀ kó lè dá wọn padà, kó sọ fún àwọn extension (ètò kéékèèké tí a so mọ́ browser) pé ilé ti ń tì, kó tú àwọn process tó bí ká. Kọ́ńdọ́ gbọ́dọ̀ fún èrò ní ṣéńjì, kó gbé ẹrù wọn jáde ní búùtù, kí ọkọ̀ tó lè yà wọ páàkì. Bẹ́ẹ̀ fèrèsé kì í dúró de gbogbo èyí; òun ló kọ́kọ́ ń lọ. Ojú á rí i pé ó ti lọ, ọkàn á balẹ̀, browser ṣì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Mo rò pé àwọn tó ṣe é fẹ́ kó dà bíi pé ó yára ni, ẹ̀tàn kékeré sì ni.

Ìgbà tí a bá tún ṣí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ẹ̀tàn náà á tú. Firefox á sọ pé “Firefox is already running, but is not responding”. Ẹni tí kò rí fèrèsé kankan á ní irọ́ ló ń pa. Kì í ṣe irọ́. Fódà kan ni Firefox ń kó gbogbo ẹrù wa sí, profile ni wọ́n ń pè é, browser méjì ò sì gbọdọ̀ máa kọ nǹkan sínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí wọ́n á ba ara wọn jẹ́. Èyí tó bá kọ́kọ́ wọlé á tilẹ̀kùn mọ́ra; parent.lock ni orúkọ fáìlì tó ń lò fún un lórí Windows. Danfo tó kọ́kọ́ wọ páàkì ò tíì jáde, òmíràn ò lè gba ààyè ẹ̀.

Ìmọ̀ràn tí ń káàkiri ni pé ká lọ pa fáìlì yẹn rẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí Firefox àtijọ́ bá ṣì wà láàyè lábẹ́lẹ̀, Windows ò ní jẹ́ ká pa á rẹ́. Tó bá sì ti kú pátápátá, ìlẹ̀kùn ti ṣí fúnra ẹ̀. Ẹni tó bá ti wá firefox.exe kàn nínú Task Manager tó sì pa á kì í sábà nílò àtidé ìdí fáìlì yẹn. Tàbí kó ní sùúrù díẹ̀. Firefox mọ ara ẹ̀: tí pípa dé bá gbà á tó bí ìṣẹ́jú kan, á gbà pé òun ti há, á sì mọ̀ọ́mọ̀ pa ara ẹ̀, á fi ìròyìn sílẹ̀ nípa ohun tó dá a dúró. Ẹ̀rọ tó mọ̀gbà tó yẹ kó jáwọ́ ṣọ̀wọ́n, mo sì gbóríyìn fún wọn.

Tí sùúrù bá tán, End task ló kù. Èyí kì í ṣe “ó wà” mọ́. Ẹnì kan ló na ọwọ́ gba ojú fèrèsé wọlé, tó yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Wọn ò bi dírẹ́bà léèrè, kò sí àsìkò láti fún ẹnikẹ́ni ní ṣéńjì. Síbẹ̀, ohun tó ń sọnù ò tó bí àwọn èèyàn ṣe ń bẹ̀rù ẹ̀. Inú SQLite, irú àpótí kan tí ètò fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀, ni Chrome àti Firefox ń kọ ìtàn wọn sí, bí wọ́n sì ṣe ṣe SQLite ni pé kó lè padà sí ibi tó dára gbẹ̀yìn tí wọ́n bá já iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Firefox tún ń kọ àwọn táàbù wa sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún síra wọn, kò dúró di ọjọ́ tí a bá tì í. Ohun tí kò ní ìdánilójú ni fọ́ọ̀mù tí a ń kọ lọ́wọ́ àti fáìlì tí kò tíì wálẹ̀ tán.

Bọ́tìnì páwà ló yẹ kí wọ́n bẹ̀rù. Tí a bá pa browser nìkan, ohun tó ti fi lé Windows lọ́wọ́ ṣì ń bọ̀ wá dórí dísìkì, torí Windows wà láàyè. Tí a bá pa kọ̀ǹpútà, tàbí tí NEPA mú iná lọ lórí deskitọ́ọ̀pù tí kò ní UPS (bátìrì tó ń gbé e dúró tí iná bá lọ), Windows fúnra ẹ̀ kú pẹ̀lú ohun tó kó dání, ti Word àti ti Excel sì wà nínú ẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn pàdánù ohun tí browser ò ní gbà lọ́wọ́ wọn.

Tí ìháńgì bá ń padà wá, wọ́n á gbé láàptọ́ọ̀pù lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ wọn lè má tíì ṣí browser kó tó sọ pé “ká format ẹ̀”, ìyẹn ni pé ká nu gbogbo ẹ̀ kúrò, ká tún Windows fi sí i. Format á ṣiṣẹ́ lóòótọ́, torí ó gbá extension tó fà á dànù pẹ̀lú gbogbo ilé. Kí wọ́n ṣí Firefox ní Troubleshoot Mode tó wà nínú Help, tó ń ṣí i láìsí extension, tàbí kí wọ́n pa àwọn extension Chrome lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀wọ́ àìsàn yìí á dín kù láìfọwọ́ kan Windows. Káàdì àwòrán náà lè fà á. Pípa hardware acceleration, ìyẹn bí browser ṣe ń fi iṣẹ́ lé káàdì àwòrán lọ́wọ́, nínú Settings ló ń fi í hàn. Chrome tó sì ń wà láàyè nígbà gbogbo lẹ́yìn tí a bá ti tì í lè má ṣàìsàn rárá: àṣàyàn kan wà ní Settings, lábẹ́ System, tó gbà á láyè láti máa ṣiṣẹ́ lọ lẹ́yìn tí fèrèsé bá lọ. Edge, browser Microsoft, ní irú ẹ̀.

Ó ku irú kan. A tẹ End task, a tún un tẹ̀, orúkọ ẹ̀ ṣì wà nínú Task Manager. Windows ti gbọ́, ó ti dá gbogbo iṣẹ́ browser dúró, ṣùgbọ́n kò lè kó òkú ẹ̀ kúrò títí ohun tó bèèrè lọ́wọ́ dísìkì tàbí ẹ̀rọ mìíràn á fi dé tàbí tí wọ́n á fi fagi lé e. Tí ìyẹn bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra, tí háàdì dísìkì sì ń dún káká, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí browser. Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fáìlì wọn sórí flash tàbí dísìkì mìíràn lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n tó wá béèrè iye tí SSD, dísìkì tuntun tó yára, ń lọ.