Mesh: ìdí tí ẹ̀rọ tí kò bàjẹ́ fi ń kọ̀ láti wọlé

Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ funfun kan, tí kò ju ìka méjì lọ, ló wà lọ́wọ́ mi. Ara ilẹ̀kùn ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, kí fóònù onílé lè dún nígbàkígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí. Ọmọ màmá tó pè mí ló fi í ránṣẹ́ láti London, pẹ̀lú hub kan (àpótí kékeré tó ń darí àwọn ẹ̀rọ yòókù), gílóòbù mẹ́rin àti sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì. Mo tẹ bọ́tìnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iná búlúù ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó kú. Lójú fóònù, àmì kan ń yí po, ó ń wá ẹ̀rọ náà, kò rí i. Màmá mirí. "Ọmọ mi, ọ̀nà ló ti bàjẹ́. Wọ́n á ti jù ú mọ́lẹ̀ nínú ẹrù."

Kò bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ báyìí tí àwọn èèyàn ń dá padà sọ́jà ni kò ní nǹkan kan tó ṣe é. A kàn fẹ́ mú un wọ ilé tí a kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé inú rẹ̀ ni. Mesh ni wọ́n ń pe ilé náà.

Nínú Wi-Fi tí gbogbo wa mọ̀, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ń bá router, àpótí tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì nínú ilé, sọ̀rọ̀ tààrà. Èyí tó bá jìnnà jù kò ní gbọ́ nǹkan kan. Mesh kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti dúró níbi tí wọ́n ti ń da kọ̀ǹkéré ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yóò ti rí bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń tò láti ìsàlẹ̀ dé òkè, tí abọ́ kọ̀ǹkéré á máa ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹnì kejì. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn nínú mesh nìyẹn. Mesh fúnra rẹ̀, àwọ̀n ló túmọ̀ sí, bí àwọ̀n apẹja: bí ojú kan bá já, ọ̀rọ̀ á gba ojú mìíràn kọjá.

Zigbee ni irú mesh tí mo máa ń bá pàdé jù nínú ilé. Inú ijó tí oyin máa ń jó fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bó bá ti oko òdòdó dé ni wọ́n ti mú orúkọ rẹ̀. Ìgbì rédíò 2.4 gigahertz ló ń lò, kò sì lè gbé ju 250 kilobit lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò lè gbé fídíò, ṣùgbọ́n "ilẹ̀kùn ti ṣí" kò wúwo.

Irú ẹ̀rọ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Hub ni olórí, òun ló dá ìdílé náà sílẹ̀. Àwọn tó ń jẹ iná ògiri, bíi gílóòbù àti sọ́kẹ́ẹ̀tì, ni ìránṣẹ́ tó ń gba ọ̀rọ̀ tó sì ń gbé e kọjá. Àwọn tó ń lo bátìrì kì í bá ẹnikẹ́ni gbé ọ̀rọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní òbí kan, bí àwọn tó ṣe Zigbee ṣe ń pè é gan-an nìyẹn, òbí yìí nìkan ló sì ń bá sọ̀rọ̀. Oorun ni wọ́n ń sùn lọ́pọ̀ ìgbà, ìdí nìyẹn tí bátìrì CR2032 tín-ín-rín fi lè lò ju ọdún kan lọ. Ẹ ṣọ́ súìṣì ògiri tí kò lo wáyà neutral (wáyà tó ń dá iná padà) o. Iná ògiri ló ń jẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ìránṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹ̀rọ ọwọ́ mi. Mo bi màmá bóyá ọmọ wọn dán an wò kó tó fi í ránṣẹ́. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ó dán an wò dáadáa nínú ilé tirẹ̀, pẹ̀lú hub tirẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti wá. Ìdílé Zigbee kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ àṣírí tirẹ̀, ẹ̀rọ tó bá sì ti gba kọ́kọ́rọ́ kan kò ní dá ìdílé mìíràn lóhùn. Yíyọ bátìrì kò ní jẹ́ kó gbàgbé. Pípa orúkọ rẹ̀ rẹ́ lórí fóònù kò sì tó, torí pé bí ẹ̀rọ náà bá jìnnà tàbí tó ń sùn nígbà tí hub lé e jáde, kò gbọ́ pé wọ́n lé òun. Ẹ̀rọ màmá yìí ṣì ń wá ilé kan ní London, nígbà tí a jókòó sí pálọ̀ n'Ibadan tí à ń pè é.

Ohun tí à ń ṣe ni pé ká tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀, ká má gbé ọwọ́ kúrò fún bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí mẹ́wàá, títí iná rẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ́jú kíákíá. Gílóòbù kò ní bọ́tìnì, nítorí náà pípa àti títàn léraléra la fi ń ṣe tirẹ̀. Ti IKEA, fún àpẹẹrẹ, ìgbà mẹ́fà ni. Mo ti rí ẹni tó ṣe é ní ìgbà ogún torí pé ó ń yára jù, ẹ̀rọ náà kò rí ààyè kà á.

Nígbà tó gbàgbé London tán, ó wọlé, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí a kò mọ̀ ni fóònù pè é. Èyí náà ní ìdí. Bí àlejò bá wọlé, hub á bẹ̀rẹ̀ sí bi í léèrè: ta ló ṣe ọ́, iṣẹ́ wo lo mọ̀ ọ́n ṣe? Ẹ̀rọ bátìrì lè sùn lọ láàárín ìbéèrè. Ẹ máa fọwọ́ kan bọ́tìnì rẹ̀ fẹ́rẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá méjì-méjì kó má bàa sùn. Fẹ́rẹ́ ni mo wí, torí pé bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ́, ẹ tún ti sọ ọ́ di àlejò. Ẹ yẹ bátìrì wò pẹ̀lú. Èyí tó ti rẹ̀ lè tan iná kékeré yẹn kó má sì lágbára tó láti bá hub sọ̀rọ̀ tán. Ilẹ̀kùn hub náà kì í ṣí títí: nínú Zigbee 3.0, ìṣẹ́jú àáyá 254 ló pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan, hub mìíràn kì í tó bẹ́ẹ̀.

Ariwo tún wà. Wi-Fi ń lo 2.4 gigahertz yìí kan náà. Wọ́n pín ìgbì náà sí ojú ọ̀nà tí à ń pè ní ìkànnì. Ìkànnì 11 dé 26 ni Zigbee ní, Wi-Fi tó sì wà lórí ìkànnì 1, 6 tàbí 11 máa ń bo ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́lẹ̀. Ìkànnì 25 máa ń bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó yí i padà, ẹ mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ẹ tún gbogbo ẹ̀rọ mú wọlé. Ẹ má gbé hub lé router lórí. Ẹni tó ń lo hub tí wọ́n ń ki bọ kọ̀ǹpútà, kó má ki í bọ ojú USB 3.0 tààrà, torí pé USB náà ń pariwo sórí ìgbì yìí. Kó fi wáyà tó gùn tó mítà kan gbé e jìnnà. Ilẹ̀kùn irin àti táǹkì omi náà kì í jẹ́ kí ìgbì kọjá dáadáa.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń ra ẹ̀rọ ránṣẹ́ sílé, ọ̀rọ̀ kan rèé. Zigbee kan náà ni wọ́n ń lò káàkiri ayé, ṣùgbọ́n Z-Wave, tí òun náà jẹ́ mesh, kò rí bẹ́ẹ̀. Ti Yúróòpù wà lórí 868 megahertz, ti Amẹ́ríkà wà lórí 908. Bí hub bá ti London wá tí ẹ̀rọ ti Houston wá, ẹ lè tẹ bọ́tìnì di ọ̀la, wọn kò ní gbọ́ra wọn láé.

Ibi tó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ iná, torí pé ìwé tí wọ́n ń kó sínú páálí kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ilé kan wà tí ẹ̀rọ ẹnu géètì wọn máa ń sọnù ní ìrọ̀lẹ́. Onílé ti tún un mú wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ibi ìgbọ́kọ̀sí ni òbí rẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀hún kò sì sí lára ohun tí inverter ń gbé. Bí wọ́n bá ti mú iná, òbí ti kú, kò sì sí ìránṣẹ́ mìíràn nítòsí. Ẹni tó bá ń fi súìṣì ògiri pa gílóòbù rẹ̀ ń ṣe nǹkan kan náà sí mesh rẹ̀. Ara inverter ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ẹ kọ́kọ́ mú àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì tí inverter ń gbé wọlé, láti ẹ̀gbẹ́ hub síta, kí ẹ tó kan ẹ̀rọ bátìrì. Èyí tó jẹ́ ti bátìrì, ibi tó máa gbé gan-an ni kí ẹ ti mú un wọlé, kó lè rí òbí tó sún mọ́ ọn.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe nílé màmá. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, èkejì sí yàrá tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, inverter ń gbé méjèèjì. Mo lẹ ẹ̀rọ funfun náà mọ́ férémù onígi, mo sì ní kí wọ́n pa iná ìjọba láti orí mítà. Fáànù pálọ̀ dúró. Mo dúró fún wákàtí kan gbáko kó lè dá mi lójú, lẹ́yìn náà màmá dìde, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, fóònù wọn dún lórí àga.