Ìdájọ́ ikú, àánú àti ìdáríjì: ìbéèrè tí àwọn Kristẹni Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ń bi wá

Jẹ́nẹ́sísì 9:6 ní ẹni tó bá ta ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sílẹ̀, ènìyàn ni yóò ta ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà sílẹ̀. Kí ló tún kù tí àwa Kristẹni ń jiyàn lé lórí?

Ẹsẹ náà wà níbẹ̀, a kò lè fà á ya. Ẹni tó bá fara mọ́ ọn yóò tún fi Róòmù 13:4 tì í lẹ́yìn, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní aláṣẹ kì í gbé idà lásán. Ṣùgbọ́n Kéènì tó pa àbúrò rẹ̀, àmì ni Ọlọ́run fi sí i lára kí ẹnikẹ́ni má baà pa á. Dáfídì gba ìyàwó Ùráyà, ó ṣètò bí ọkọ ṣe kú sójú ogun, síbẹ̀ Nátánì sọ fún un pé kò ní kú. Kì í ṣe pé kò jìyà o. Ìyà náà wọ inú ilé rẹ̀ pẹ́.

Ohun tí a sábà máa ń gbàgbé ni bí òfin Mósè fúnra rẹ̀ ṣe mọ odi yí ìdájọ́ ikú ká. Númérì 35:30 ní a kò gbọ́dọ̀ tìtorí ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo pa ènìyàn. Diutarónómì 17:7 ní ọwọ́ àwọn ẹlẹ́rìí ni kí òkò ti kọ́kọ́ jáde. Orí 19 ní ẹni tó bá jẹ́rìí èké, ohun tó fẹ́ kó bá ẹlòmíràn ni kí wọ́n fi ṣe é. Pẹ̀lú gbogbo èyí náà, ẹ ka 1 Ọba 21. Ẹlẹ́rìí èké méjì ni wọ́n wá fún Nábótì, iye tí òfin béèrè gan-an, wọ́n sì sọ ọ́ lókùúta pa nítorí pé ọba fẹ́ ọgbà àjàrà rẹ̀. Ìgbà tí Èlíjà fi dé, Nábótì ti kú. Ẹni tó wà lẹ́wọ̀n, bí àṣìṣe bá hàn lẹ́yìn ọdún 15, a ṣì lè ṣílẹ̀kùn fún un. Ìdí tó lágbára jù lójú wa nìyí tó fi yẹ kí Kristẹni kọ ìdájọ́ ikú.

Kí ni àwọn ìjọ sọ?

Àgùdà ló sọ ọ́ síta jù. Ní 1995, Póòpù John Paul Kejì kọ̀wé pé ìgbà tí ìjọba kò ní rí ọ̀nà mìíràn dáàbò bo ará ìlú ju kí ó pa arúfin lọ ti ṣọ̀wọ́n débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Ní 2018, Póòpù Francis yí ẹ̀kọ́ 2267 nínú Katikísìmù, ìwé ẹ̀kọ́ ìjọ Àgùdà, padà: ìdájọ́ ikú kò ṣe é gbà mọ́. Ní 1988, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà tó pàdé ní Lambeth rọ àwọn ìjọba pé kí wọ́n wá ìjìyà mìíràn, ṣùgbọ́n ìpinnu Lambeth kì í ṣe òfin fún dáyósíìsì kọ̀ọ̀kan. Láàárín àwọn Aládùúrà àti Pẹ́ńtíkọ́sì, ẹnu kò kò.

Bí wọ́n bá mú olè ní garáàjì Ṣágámù, tí wọ́n fi táyà sí i lọ́rùn, ṣé kì í ṣe idà Róòmù 13 náà nìyẹn? Ọlọ́pàá á ṣáà gbowó, á sì fi í sílẹ̀.

Rárá o. Aláṣẹ ni Pọ́ọ̀lù ní ó gbé idà, kò sọ pé èrò. Ẹsẹ mélòó kan ṣáájú, ní 12:19, ó ní kí a má ṣe gbẹ̀san fún ara wa. Lójú òfin Nàìjíríà, ìpànìyàn ni. Ẹni tó ra epo bẹntiróò, ẹni tó gbé táyà wá, ẹni tó ń pariwo pé kí wọ́n dáná sun ún, gbogbo wọn ló lè jẹ́jọ́ rẹ̀, ikú sì ni ìjìyà ẹ̀.

Ẹ wo Jòhánù 8. Wọ́n ní àwọn mú obìnrin kan nínú àgbèrè, àwọn fẹ́ sọ ọ́ lókùúta. Obìnrin nìkan ni wọ́n fà wá, bẹ́ẹ̀ Léfítíkù 20:10 dárúkọ ọkùnrin pẹ̀lú. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, òṣìkà ènìyàn.

Òótọ́ ni pé ẹ̀rù ọlọ́pàá ń ba ará ìlú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹjọ́ olè ń kú nítorí pé olóhun kò padà wá. Ẹ mú un wọ ilé tàbí ààfin, ẹ pe ọlọ́pàá, ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀ ní àgọ́ wọn, ẹ gba orúkọ ẹni tó gba ẹjọ́ náà, kí ẹ sì yọjú sí kóòtù ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá dá.

Wọ́n pa ọmọ mi. Pásítọ̀ ní kí n dárí jì wọ́n. Ṣé kí n má lọ jẹ́rìí nìyẹn?

Ẹ pẹ̀lẹ́, Màámi. Ẹ lọ jẹ́rìí. Ìdáríjì ni pé ẹ kò ní gbẹ̀san, ẹ kò sì ní fẹ́ ìparun rẹ̀. Kò sọ pé kí ẹ fi òtítọ́ pamọ́. Jésù dárí ji olè orí àgbélébùú, síbẹ̀ kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kúrò níbẹ̀. Bí ọkàn yín kò bá tíì lè dárí jì, kí ẹnikẹ́ni má fi agídí mú yín.

Ìjọba ló ń pe ẹjọ́ ìpànìyàn, nítorí náà ìdáríjì yín kò lè pa ẹjọ́ náà rẹ́. Bí àwọn ẹbí rẹ̀ bá sì gbé owó wá kí ẹ lè dákẹ́, ẹ má gbà á. Òfin wa kọ̀ ọ́, Númérì 35:31 náà sì kọ owó ìràpadà fún ẹ̀mí apànìyàn, kí olówó má baà máa ra ara rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí tálákà ti ń kú.

Ta ló wá lè dá ẹ̀mí ẹni tí wọ́n ti dájọ́ ikú fún sí?

Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ni ti àkọ́kọ́. 90 ọjọ́ ni òfin fún ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi láti pẹjọ́ náà. Lẹ́yìn náà, abala 212 nínú ìwé òfin 1999 fún gómìnà ní agbára láti dárí jì í tàbí kí ó sọ ikú di ìjìyà tó fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́yìn tó bá ti gbọ́ tẹnu ìgbìmọ̀ àánú. Àánú yìí yàtọ̀ sí ìdáláre. Awólọ́wọ̀ ará Ìkẹ́nnẹ́, tí wọ́n rán lẹ́wọ̀n ọdún 10 ní 1963, pẹjọ́ dé ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ, kò bọ́ sí i; àṣẹ Gowon ló tú u sílẹ̀ ní 1966. Òfin ẹ̀wọ̀n ti 2019 tún fi kún un pé bí gbogbo ẹjọ́ bá ti parí, tí ọdún 10 sì kọjá láìpa á, adájọ́ àgbà lè sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n gbére.

Bí ìjọ yín bá fẹ́ kọ̀wé bẹ̀bẹ̀ fún un, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ọgbà ẹ̀wọ̀n tó wà, kóòtù àti nọ́ńbà ẹjọ́, ọjọ́ ìdájọ́, ibi tí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn já sí, ọjọ́ orí rẹ̀, ìlera rẹ̀, àti ẹ̀rí ìwà rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn wọ́dà. Bí ẹbí olóògbé bá ti dárí jì í, kí wọ́n kọ lẹ́tà tiwọn lọ́tọ̀, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i fúnra wọn. Ibi tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti ń bàjẹ́ ni kí a tún máa ro ẹjọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé kóòtù ni ìgbìmọ̀ náà. Ohun tó ti yí padà lára ọkùnrin náà láti ìgbà tó ti wọ ẹ̀wọ̀n ni kí ẹ kọ.