Ìfowówewu nínú oko gẹdú òkè òkun

Bí èèyàn bá fowó sí oko gẹdú òkè òkun, owó náà lè jèrè, ó sì lè wọmi. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ "ríìsìkì" (risk) káàkiri fún irú èyí. Wọ́n ní Yorùbá ò ní ọ̀rọ̀ fún un. Ṣé ìyá wọn ò bá ọlọ́kadà tó ń sáré àsápajúdé wí rí pé ó ń fi ẹ̀mí wewu? Ọlọ́kadà fi ẹ̀mí wewu, oníṣòwò fi owó wewu: ìfowówewu nìyẹn. Ó parí.

Àwọn kan ń kọ "àdánù". Àdánù ti ṣẹlẹ̀ ná, owó ti lọ. Ìfowówewu ṣì lè mú èrè wá. Àwọn tó fara mọ́ "ewu" lásán ló sún mọ́ ọn jù, ṣùgbọ́n ewu ń bẹ lóko Lóńgẹ́ yálà ẹ lọ síbẹ̀ tàbí ẹ ò lọ. Ìfowówewu ò sí títí ẹ ó fi tọwọ́ bọ àpò.

Ẹnì kan tún ń bá mi jiyàn lórí "igbó igi ìdókòwò". Igbó kẹ̀! Igbó ló hù fúnra rẹ̀. Èyí tí èèyàn gbìn ní ẹsẹẹsẹ, oko ni, igi inú rẹ̀ sì ni gẹdú, bí àwọn onígẹdú ṣe ń pè é látayébáyé.

Kí èèyàn fowó sí irú oko bẹ́ẹ̀ lókè òkun wá dà bí ewúrẹ́ àgbàsìn tí ẹ fà lé àjèjì lọ́wọ́ nílùú tí ẹ ò dé rí. Ẹ béèrè, ó ní ó lóyún. Ẹ tún béèrè, ó ní ó bí ìbejì. Ọjọ́ tí ẹ débẹ̀, okùn ọrùn rẹ̀ ló nà sí yín. Ti ewúrẹ́ tiẹ̀ yá. Tíìkì (teak), ọ̀kan lára igi gẹdú, lè lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó tó gé. Tí ẹ bá gé e ní kékeré, apá àárín tó pọ́n, tí oníbàárà ń torí ẹ̀ sanwó, ò tíì nípọn.

Ẹ wo Sino-Forest, ilé iṣẹ́ oko gẹdú tí wọ́n ń ta ìpín rẹ̀ nígbà kan ní Toronto ní Kánádà, tí oko rẹ̀ wà ní Ṣáínà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2011, Carson Block ti Muddy Waters, ilé iṣẹ́ tó ń ṣèwádìí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta ìpín, pariwo pé jìbìtì ni. Nígbà tó di 2012, ilé iṣẹ́ náà ti sá wọ kóòtù nítorí gbèsè. Ní 2018, adájọ́ kan ní Ontario ní kí Allen Chan, tó wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, san dọ́là Amẹ́ríkà bílíọ̀nù 2.6. Iná ò jó oko, kòkòrò ò jẹ igi. Ta ló ni igi gan-an ni ìwé ò lè fi hàn.

Alágbàtà kan fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi kan ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. Nọ́ńbà igi tiwọn wà níbẹ̀, àwòrán rẹ̀ náà wà níbẹ̀, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi béèrè ẹni tó máa ra igi náà lọ́wọ́ àwọn bí owó ilé ìwé ọmọ bá dé lọ́dún kẹta. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kọ̀wé. Alágbàtà ò fèsì.