Àṣẹ́kù antivirus: ọlọ́dẹ ti lọ, àgádágodo rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu géètì

Màmá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Pánṣẹ́kẹ́, ó ní íntánẹ́ẹ̀tì ti kọ òun sílẹ̀. Láptọ́ọ̀pù ní òun ti rí wáífáì fóònù rẹ̀, gbogbo ọ̀pá rẹ̀ ló pé, àmọ́ kò sí ojú ìwé kan tó ṣí. Fóònù ọ̀hún náà sì ń ṣiṣẹ́ geere. Mo ní, "Màmá, kí lẹ ṣe sí i kẹ́yìn?" Wọ́n ní àwọn ò ṣe nǹkan kan. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó rántí: "Àbí ti antivirus yẹn? Ọmọ mi obìnrin ló bá mi yọ ọ́. Ojoojúmọ́ ló ń yọ sí mi pé owó ti tán, kí n san òmíràn."

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yọ antivirus, sọ́fítíwia tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì, antivirus ò lọ tán.

Ohun tó kù yẹn là ń pè ní àṣẹ́kù: fáìlì, àkọsílẹ̀ àti ètò tí antivirus fi sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́. Bí ẹ bá yọ géèmù, fóldà rẹ̀ lè kù síbì kan, kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ti antivirus yàtọ̀ nítorí ibi tó ń gbé. Géèmù ni àlejò tó jókòó sí pálọ̀. Antivirus ni ọlọ́dẹ. Ẹnu géètì ló ń sùn, òun ló ni kọ́kọ́rọ́, ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbà kọjá. Ẹ wá lé ọlọ́dẹ lóru, ó ká ẹní rẹ̀, ó lọ, ṣùgbọ́n àgádágodo tó fi ti géètì ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin onílé gan-an lẹ máa sùn síta.

Màmá gbọ́ èyí, wọ́n na ọwọ́ wọn sí mi: "Ṣé bí aró yìí ni? Tí a fọwọ́ fọwọ́, tó ṣì wà ní èékánná?" Ó jọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ aró inú èékánná kò ní kí ẹ má jẹun. Èyí lè ní kí ẹ má rí íntánẹ́ẹ̀tì lò.

Nínú gbogbo àṣẹ́kù, fóldà tó wà ní Program Files àti ProgramData kò léwu, àyè lásán ló ń gbà. Èyí tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni driver. Ẹ má wo ti awakọ̀. Driver níbí ni fáìlì kékeré tó wọnú Windows lọ jinlẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń parí sí .sys, tó sì sábà máa ń wà nínú fóldà System32\drivers. Ó máa ń jí kí ẹ tó tẹ password yín. Bí ẹ bá ṣí fáìlì, ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbà kọjá. Bí ojú ìwé kan bá ń bọ̀ láti íntánẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ rẹ̀ náà ni. Tí antivirus bá lọ tí driver kù, ẹni tó yẹ kó dá a lóhùn pé "jẹ́ kó kọjá" kò sí mọ́.

Èkejì tó tún ń yọ àwọn èèyàn lẹ́nu ni orúkọ tó kù nínú ìwé Windows. Windows ní ìwé tó ń kọ orúkọ ọlọ́dẹ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ sí. Láti Windows 8 tó jáde ní 2012 ni Defender, ọlọ́dẹ Windows fúnra rẹ̀, ti di antivirus tó dá dúró, ṣùgbọ́n ó máa ń yẹra bí ẹ bá gbé òmíràn wá, nítorí ọlọ́dẹ méjì lẹ́nu géètì kan, ìjà ni. Bí orúkọ ẹni tó lọ bá ṣì wà nínú ìwé, Defender lè jókòó sílé kó máa rò pé ẹnìkan ń ṣọ́ ilé, nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Kí ló dé tí kì í lọ tán? Apá kan, àwọn tó ṣe é ló mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Antivirus tí fáírọ́ọ̀sì lè tètè pa rẹ́, kí la fẹ́ fi ṣe? Nítorí náà ó ń dáàbò bo fáìlì tirẹ̀, kì í sì í mọ̀ bóyá ẹ̀yin ni tàbí olè. Apá kejì, Windows kì í jẹ́ kí a pa fáìlì tó ń lò lọ́wọ́ rẹ́. Windows á kọ ọ́ sílẹ̀ pé "tó bá tún bẹ̀rẹ̀, ẹ pa á."

Ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á tẹ Shut down, wọ́n á lọ sùn, wọ́n rò pé kọ̀ǹpútà ti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun láàárọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà Windows 8 náà, Shut down lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kì í pa inú Windows tán. Ó máa ń tọ́jú rẹ̀ sí díìsìkì kó lè tètè jí, driver àná á sì jí pẹ̀lú rẹ̀. Restart ni kí ẹ tẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ lọ sí Settings, ní Apps, kí ẹ yọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ ti gbogbo ayé, kí ẹ sì tẹ Restart. Bí ó bá ṣì kù, ẹ wá irinṣẹ́ ìyọkúrò tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fúnra wọn gbé jáde. McAfee ní MCPR, Avast ní Avast Clear, Kaspersky ní kavremover, ESET náà ní tirẹ̀. Ojú ìwé ilé iṣẹ́ náà ni kí ẹ ti gbà á, nítorí ayédèrú rẹ̀ pọ̀ níta. Ti Avast àti ti ESET ń fẹ́ Safe Mode, ibi tí Windows ti ń jí láìjí àwọn driver wọ̀nyí. Ẹ tẹ Shift mọ́lẹ̀ bí ẹ ṣe ń tẹ Restart, ẹ yan Troubleshoot, Advanced options, Startup Settings, ẹ tẹ Restart, kí ẹ wá tẹ 4. Bí BitLocker, àgádágodo tí Windows fi ń ti díìsìkì, bá wà lórí díìsìkì yín, ẹ wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ síbi tó dájú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ó lè bèèrè rẹ̀ lọ́nà.

Ohun tí mo máa ń bẹ èèyàn pé kí wọ́n má ṣe ni kí wọ́n ṣí registry, ibi tí Windows ń kọ àwọn ètò rẹ̀ sí, kí wọ́n máa fọwọ́ pa ohun tí orúkọ rẹ̀ jọ ti antivirus. Mo ti rí láptọ́ọ̀pù tí ẹnìkan pa fáìlì driver rẹ́, tó gbàgbé pé orúkọ rẹ̀ ṣì wà ní ibi tí Windows ti ń wá a fún kíbọ́ọ̀dù. Ojú ibi tí a ti ń kọ password ṣí, kò sí bọ́tìnì kan tó dáhùn. Àwọn sọ́fítíwia tó ń pe ara wọn ní agbálẹ̀ registry, èmi ò gbà wọ́n láyè ní ṣọ́ọ̀bù mi.

Ti màmá ńkọ́? Mo ṣí ètò wáífáì rẹ̀, mo tẹ Properties. Nínú àwọn nǹkan tó tò síbẹ̀, láàárín èyí tó jẹ́ ti Windows, orúkọ antivirus àtijọ́ jókòó pẹ̀lú àmì máàkì níwájú rẹ̀. Mo yọ máàkì yẹn, íntánẹ́ẹ̀tì dé lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n máàkì nìkan kò tó. Mo fi kọ̀ǹpútà mi gba irinṣẹ́ náà sórí fláàṣì, mo wọ Safe Mode, mo lò ó, mo tún kọ̀ǹpútà náà tàn.

Mo wá ṣí Command Prompt, ojú ibi tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún Windows, bí alábòójútó, mo tẹ fltmc, tó máa ń ka àwọn tó ń ṣọ́ fáìlì. Orúkọ àtijọ́ ti kúrò. WdFilter wà níbẹ̀, ti Defender nìyẹn, ẹ má fọwọ́ kàn án. Mo yí láptọ́ọ̀pù sí màmá kí wọ́n lè rí i, wọn ò wò ó. Wọ́n ti ń fi àwòrán àdìrẹ oníko ránṣẹ́ sí oníbàárà wọn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ń bi mí bóyá aró rẹ̀ kò ti dúdú jù lójú kọ̀ǹpútà.