Bọ́ńpà fọ́ n'Ìbàdàn: ojúlówó ni ká rà ni, àbí Táíwàn?

Máíkírà á ṣàdédé dúró kó èrò ní Sango, ẹni tó ń tẹ̀ lé e ò ní ráyè tẹ búrèkì, bọ́ńpà á ti fọ́. Kí onímọ́tò tó délé, páńẹ́lìbítà ti sọ tiẹ̀, ọ̀rẹ́ ti sọ tiẹ̀, bọ̀dá tó ń ta páàtì ní Gate náà ti pe iye tiẹ̀. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń kó wá bá mi lẹ́yìn ìyẹn rèé.

Ìbéèrè: Páńẹ́lìbítà mi ní ojúlówó nìkan ló dáa. Ẹni tó ń tajà ní Ararọ̀mí, ní Agodi Gate, ní Táíwàn náà á ṣiṣẹ́. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

Ìdáhùn: Nǹkan méjì tí wọ́n ń fi lọ̀ yín yẹn, mẹ́ta ni. Ojúlówó tuntun wà, èyí tó ti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ wá. Ó wọ́n, ó sì lè jẹ́ pé ẹ ó sanwó sílẹ̀ kí wọ́n tó bá yín mú un wá. Ojúlówó tòkunbọ̀ wà, tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ lókè òkun. Òun ni àwọn ọlọ́jà kan ń pè ní Bẹ́ljíọ̀mù, ì báà jẹ́ Amẹ́ríkà ló ti wá. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ilé iṣẹ́ mìíràn wo ojúlówó ṣe. Ó pẹ́ tí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ti ń wá láti Táíwàn, ni gbogbo ọjà bá sọ ọ́ lórúkọ ìlú yẹn, bí wọ́n tilẹ̀ ṣe òmíràn ní Ṣáínà.

Torí náà, tí wọ́n bá ní "ojúlówó ni, ọ̀gá mi," ẹ bi wọ́n: "Tuntun ni àbí tòkunbọ̀?" Fún Corolla tàbí Camry tó ti pẹ́ lọ́wọ́ yín, tòkunbọ̀ tí ara rẹ̀ pé ni èmi á mú ṣáájú Táíwàn tuntun. Àwọn ọkọ̀ yìí pọ̀ nílẹ̀, ẹ ò sì ní wá páàtì wọn títí.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí Táíwàn kì í jókòó sára ọkọ̀ dáadáa?

Ìdáhùn: Ẹni tó ṣe é ò ní àwòrán tí Toyota tàbí Honda fi ṣe tiwọn. Ńṣe ló mú ojúlówó kan, ó wọ̀n ọ́n, ó sì ṣe mọ́ọ̀dù tirẹ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n ń da ike gbígbóná sí, látinú ìwọ̀n náà. Ike gbígbóná sì máa ń súnkì tó bá ń tutù. Tí wọn ò bá ṣírò iye tó máa súnkì dáadáa, ihò kílíìpù á yẹ̀ díẹ̀, díẹ̀ yẹn sì ti tó. Ẹ̀yin náà á ti rí i rí: bọ́ńpà á yanu sílẹ̀ lábẹ́ iná iwájú, àlàfo ọwọ́ ọ̀tún á gba ìka, ti òsì ò ní gba bébà. Páńẹ́lìbítà á wá gbé dírílì, á lu ihò tuntun, á fi wáyà dì í. Gálọ́ọ̀pù mélòó kan lójú ọ̀nà, ó ti ń mì.

Àmọ́ ká má purọ́ mọ́ Táíwàn. Nígbà mìíràn, ọkọ̀ gan-an ló ti wọ́. Páńẹ́lì tó gbé rédíétọ̀ dúró lè ti tẹ̀, tàbí kí ike kékeré tí bọ́ńpà fi ń kọ́ mọ́ féńdà ti ṣẹ́. Ojúlówó pàápàá ò ní jókòó síbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n gbé bọ́ńpà náà wọ ọkọ̀ lójú yín kí ẹnikẹ́ni tó fi ọ̀dà kàn án. Ọlọ́jà wo ló máa gba bọ́ńpà tí wọ́n ti kùn padà?

Ìbéèrè: Ṣé bọ́ńpà Táíwàn ò ní fi ẹ̀mí mi sínú ewu tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan?

Ìdáhùn: Ike tí ẹ ń rí yẹn, ojú lásán ni. Tí wọ́n bá tú u, lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ ó rí fóòmù líle kan, lẹ́yìn fóòmù ni irin gbọọrọ kan wà tí wọ́n fi bóòtù de mọ́ ara ọkọ̀. Àwọn ló ń gba ẹ̀ṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, àjọ IIHS, tí àwọn ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ráǹsì ń náwó fún, mú Camry ọdún 1997 kan, wọ́n yọ féńdà, páànù ìta ilẹ̀kùn àti ike bọ́ńpà iwájú rẹ̀, wọ́n fi bọ́nẹ́ẹ̀tì tí kì í ṣe ti Toyota rọ́pò tirẹ̀, wọ́n sì mú un kọlu ìdènà. Ó gba àmì "dára" bíi ti Camry tí gbogbo ara rẹ̀ pé.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń gba Ring Road kọjá, bọ́ńpà wọn ń dán gbinrin, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Níjọ́ tí wọ́n gbá a, fóòmù fọ́, wọ́n dà á nù. Irin tẹ̀, wọ́n fi òòlù nà án, tàbí kí wọ́n má tilẹ̀ dá a padà. Irin tó ti tẹ̀ tí wọ́n nà kò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín, ẹ yọjú wo inú gíríìlì ìsàlẹ̀. Tẹ́ ò bá rí irin kankan tó dábùú níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n tú u wò.

Tówó ò bá pọ̀, ẹ fi Táíwàn ṣe ojú, kí ẹ fi èyí tó kù ra irin àti fóòmù ojúlówó, tòkunbọ̀ tí kò tíì tẹ̀ rí. Ike burúkú, ẹ ó fojú rí àléébù rẹ̀. Irin tí wọ́n fi páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe, ẹ ò lè fojú mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe lè mọ ojúlówó lọ́jà?

Ìdáhùn: Ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀, ẹ̀yìn ni kí ẹ kà. Ẹ wá nọ́ńbà páàtì tí wọ́n dà mọ́ ike fúnra rẹ̀. Ti bọ́ńpà iwájú Toyota sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 52119, ti ẹ̀yìn pẹ̀lú 52159. Sítíkà ò jẹ́ ẹ̀rí, ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ ẹ́. Ẹ ó tún rí irú ike tó jẹ́, bíi >PP<, ṣùgbọ́n Táíwàn náà máa ń kọ ìyẹn.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ wo etí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ibi tí kílíìpù àti bóòtù ń wọ̀, pàápàá igun méjèèjì tó ń kọ́ mọ́ féńdà. Ẹ wá ojú ibi tí wọ́n ti fi irin gbígbóná lẹ ike pọ̀. Pọ́tì àti ọ̀dà á ti bò ó níwájú, wọn kì í rántí ẹ̀yìn.

Ìbéèrè: Camry Muscle ni mo ní, bọ́ńpà Muscle ni mo rà, kò bá iná mu.

Ìdáhùn: Muscle 2007 sí 2009 ò jọ 2010 sí 2011 níwájú. Corolla 2009 sí 2010 àti 2011 sí 2013 náà bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé àfọ́kù ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà.

Ìbéèrè: Ọ̀dà ńkọ́?

Ìdáhùn: Kóòdù àwọ̀ ọkọ̀ yín wà lára sítíkà ilẹ̀kùn awakọ̀, níwájú C/TR lára Toyota. Sílífà tó pọ̀ nílẹ̀ yẹn ni 1F7, dúdú ni 202, funfun ni 040. Ẹ fún ẹni tó ń po ọ̀dà ní nọ́ńbà yẹn, ẹ má jẹ́ kó fojú pò ó. Kó sì kọ́kọ́ fi práímà oníke sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀dà á máa bó bí èèpo àlùbọ́sà.

Ìbéèrè: Máíkírà tí mo fi ń ṣe kábúkábú ńkọ́?

Ìdáhùn: Èyí tówó yín bá ká. Wọ́n ṣì máa gbá a.

Ìbéèrè: Ọkọ̀ mi máa ń dá tẹ búrèkì fúnra rẹ̀. Ṣé ìyẹn yí nǹkan padà?

Ìdáhùn: Ó yí i padà. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní rédà, ẹ̀rọ tó ń bá ọkọ̀ ríran, níwájú, òmíràn sì ní i lẹ́yìn ike bọ́ńpà ẹ̀yìn láti máa ṣọ́ ẹ̀gbẹ́. Pọ́tì tó nípọn lè dí i lójú. Níbẹ̀, ojúlówó tí wọn ò tíì tún ṣe ni kí ẹ rà.

Ìbéèrè: Ẹni tó gbá mi ní Táíwàn lòun máa rà. Ojúlówó ló sì wà lára ọkọ̀ mi.

Ìdáhùn: Ẹ má gbà. Iye ojúlówó tòkunbọ̀, owó ọ̀dà àti owó iṣẹ́ páńẹ́lìbítà ni kí ẹ jọ sọ, ẹ sì fi irin inú kún un tó bá tẹ̀. Ẹ bi í bóyá ó ní ìnṣọ́ráǹsì third party. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, NAICOM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìnṣọ́ráǹsì, fi owó rẹ̀ sí 15,000 náírà lọ́dún fún ọkọ̀ aládàáni, ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ráǹsì sì lè san tó mílíọ̀nù 3 náírà lórí dúkìá ẹni tí oníwèé bá bà jẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ní ìwé yẹn nínú ọkọ̀ tí kò mọ̀ ju pé ọlọ́pàá ló wà fún. Ẹ ya fọ́tò ìwé náà àti nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ kó tó kúrò níbẹ̀.